Ẹyọ Kan Tó Kù Nínú Oko Adígún

Ìyá Àṣàkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọmọ Àyọ̀ká, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún àwọn ará agbo ilé Onígba, lọ́dún tí wọ́n wó ilé àtijọ́ láti fi kọ́ tuntun. Wọ́n bá agbọ̀n èkùrọ́ kan lórí àjà, eku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ agbọ̀n náà tán, àwọn ọmọdé sì fẹ́ lọ dà á sí ààtàn. Ìyá Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ó jókòó tì í, ó kó èkùrọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni a ṣe tò ó síhìn-ín.

Abà Ìdí-Emi ni Adígún gbé ayé rẹ̀, iṣu ni ó sì ń gbìn. Ní abà yẹn, igba igba ni wọ́n ń ka ebè. Bí o bá bi àgbẹ̀ kan pé báwo ni oko rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò ní í fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún ọ. Á ní igba mẹ́jọ ni, tàbí igba mẹ́wàá, ó sì parí. Bí ẹnì kan bá kọ ebè tirẹ̀ tí kò gún sí igba, wọ́n á ní ọ̀lẹ ló dá a dúró lágbedeméjì.

Adígún nìkan ni kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Lọ́dọọdún, á kọ igba méjìlá, á tún fi díẹ̀ lé e, á sì gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kí ló dé tí kò lè rọ́jú kí ó fi pé igba mẹ́tàlá, ṣé ọkọ́ ló kán ni àbí ẹ̀yìn? Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀yìn ni. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Onígba, wọ́n fi ń bú u ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà mọ́ ọn lára, ó sì di orúkọ ilé rẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìṣirò wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbà òjò kan, nígbà tí Àyọ̀ká àkọ́bí rẹ̀ ṣì wà ní kékeré, Adígún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n èkùrọ́. Á pín in sí òkìtì méjì, á kó o pọ̀, á pín in sí mẹ́ta, á kó o pọ̀, á pín in sí méje, á mi orí, á tún bu èkùrọ́ kún un. Àwọn ará ilé rò pé ayò ni ó ń dá ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò yẹn wá ni iye ebè rẹ̀ kò ti yí padà mọ́.

Àyọ̀ká kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń wá nínú èkùrọ́. Ohun tí òun mọ̀ ni gbólóhùn kan. Bí iṣẹ́ ebè bá parí lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ bá ní, "Bàbá, ó tán," Adígún á dáhùn pé, "Ó ku ẹyọ kan. Ẹ máa lọ." Wọ́n á máa lọ, òun á sì dúró sẹ́yìn. Wọ́n rò pé ó fẹ́ sinmi díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan sì tún wà tí gbogbo ilé mọ̀, bí ẹnikẹ́ni kì í tilẹ̀ ń sọ ọ́. Nígbà tí bàbá tó bí Adígún kú, igba méjìlá ebè gééré ni ó fi sílẹ̀, ọmọ méje sì ni ó bí. Wọ́n pín ebè náà títí, gbogbo wọn gba iye kan náà, mẹ́fà sì ṣẹ́kù. Àwọn mẹ́fà tó dàgbà mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn wọn wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ebè kan péré ni, wọ́n sì ní kí ó má ṣe ojú kòkòrò. Ó ní òun kò wo ebè, ojú tí wọ́n fi wo òun ni òun ń wò. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà odò lọ, kò sì sí ẹni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó mẹ́ta ni Adígún fẹ́, ọmọ méje ni ó sì bí. Ìyálé kò tètè rí ọmọ bí, Láoyè nìkan ni ó sì bí, lẹ́yìn tí wọ́n ti bí Àyọ̀ká. Ìyàwó kejì ló bí Àyọ̀ká, tí í ṣe àgbà gbogbo wọn, ó tún bí mẹ́ta lé e. Àjàgbé ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà nínú wọn. Ìyàwó kẹta bí ìbejì. Àyọ̀ká ni ó pọn Láoyè dàgbà, nítorí pé ara ìyálé kì í dá. Ilé ọkọ Àyọ̀ká kò jìnnà, ọ̀nà kan ló là wọ́n láàrin, nítorí náà kò fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Adígún kú nígbà tí iṣu ń fa ọwọ́ gun ọ̀pá. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ, wọ́n sì dúró de ìgbà tí ewé iṣu yóò gbẹ. Òfin abà ni pé bí olóko bá kú, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ wa ẹyọ iṣu kan kí wọ́n tó pín in. Nígbà tí ewé gbẹ, wọ́n pàdé lábẹ́ igi emi tó wà ní ẹnu oko. Ọ̀jẹ́dìran, àbúrò Adígún kan ṣoṣo tó ṣì kù nílé, ni ó jókòó bí àgbà.

Ìjà kò pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Láoyè ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Àjàgbé ní orí-ò-jorí ni, kí ọmọ méje gba ìpín méje. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn baba wọn ń lò, kò sí èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, Láoyè nìkan ni yóò kó ìdá kan, àwọn mẹ́rin ọmọ ìyá Àyọ̀ká yóò sì máa fa ìdá kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ orí-ò-jorí, Láoyè kò ní í gba tó ìdajì ohun tí ó ti fojú sí.

Láoyè kò pariwo. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jà. Bí wọn kò bá fi ìdí-igi pín in, òun yóò kọjá odò, kí wọ́n má sì ránṣẹ́ pe òun sí ọ̀rọ̀ ilé náà mọ́, ìbáà jẹ́ ti òkú, ìbáà jẹ́ ti alààyè.

Gbogbo wọn rò pé ẹnu lásán ni. Àyọ̀ká nìkan ni ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gba iwájú yàrá Láoyè kọjá, ó sì rí ẹní, ọkọ́ àti àdá tí wọ́n fi okùn dì pọ̀, tí wọ́n gbé ti ògiri. Orí-ò-jorí ni yóò ṣe òun alára láǹfààní, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ kí okùn yẹn lè tú, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni kan ti gba ọ̀nà odò lọ rí nínú ilé yìí nítorí ebè.

Ọ̀jẹ́dìran ni ó wá ìmọ̀ràn kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe nǹkan láìnídìí, iye ebè tó fi sílẹ̀ kò sì lè jẹ́ lásán. Kí wọ́n ka ebè náà, kí wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì pín in wò. Ọ̀nà tó bá gún régé tí kò ṣẹ́ nǹkan kù, òun ni òkú fẹ́. Láoyè gbà, Àjàgbé gbà. Ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Wọ́n gbé agbọ̀n èkùrọ́ àtijọ́ yẹn jáde. Ebè kan, èkùrọ́ kan, Àyọ̀ká ni ó sì gbé agbọ̀n tẹ̀ lé wọn láti poro dé poro. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó jẹ́ igba méjìlá, ọgọ́fà lé e, ẹyọ kan sì tún lé ọgọ́fà náà. Wọ́n dà á sórí ẹní. Wọ́n kọ́kọ́ pín in sí mẹ́ta, ní ẹyọ ẹyọ, yí po. Òkìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ òjìlélẹ́gbẹ̀rin. Èkùrọ́ kan kù lórí ẹní.

Àjàgbé mú un, ó yí i wò lójú oòrùn. "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé bàbá kò fẹ́ tiyín."

Wọ́n kó o pọ̀, wọ́n pín in sí méje. Òkìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Èkùrọ́ kan tún kù.

"Àti tìrẹ náà, àbúrò," ni Láoyè wí.

Ọ̀jẹ́dìran fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní bóyá Adígún ro ti àwọn opó rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n pín in sí mẹ́wàá. Ẹyọ kan kù. Wọ́n mú àwọn opó kúrò, wọ́n fi Ọ̀jẹ́dìran alára kún àwọn ọmọ méje, ó di mẹ́jọ. Ẹyọ kan kù. Àjàgbé ní kí wọ́n kúkú fi ajá bàbá kún un, nítorí pé òun náà kì í fi oko sílẹ̀. Wọ́n pín in sí mẹ́sàn-án, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹyọ kan tún kù, ẹ̀rín náà dá.

Iye kan wà nílẹ̀ tí kò gba ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ní bí nǹkan bá ń lé ní gbogbo ìgbà, ẹni tó gbé agbọ̀n ni à á bi. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó balẹ̀. Láoyè yíjú sí Àyọ̀ká.

"Àyọ̀ká, ṣé ìwọ kọ́ lo fi ọ̀kan kún un, kí ti ìdí-igi má baà gún?"

Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí ó ti ń sọ̀rọ̀, kò pè é lórúkọ gbalaja bẹ́ẹ̀ rí. Àyọ̀ká gbé agbọ̀n kalẹ̀.

"Láoyè, mo pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́ nílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jà ọ́ lólè, ṣé èkùrọ́ ni n óò fi ṣe é?"

Ọ̀jẹ́dìran ní kí ilẹ̀ mọ́, kí gbogbo wọn jọ tún un kà, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń ka ebè lọ bí àwọn tó ń ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ebi ti ń pa wọ́n. Iṣu wà níwájú, iṣu wà lẹ́yìn, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan. Wọ́n ti kà dé poro ìkẹyìn nígbà tí Láoyè na ọwọ́ síwájú.

Ní ìkángun oko, létí ọ̀nà ọjà, ebè kan dá dúró, èyí tí wọ́n kàn kà mọ́ ìyókù lánàá láìbìkítà. Kò bá èyíkéyìí nínú poro dọ́gba. Obìnrin àgbàlagbà kan kúnlẹ̀ tì í, ó ti sọ ẹrù ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ lórí koríko, ó ń fi igi walẹ̀. Iṣu ńlá kan ti yọ orí.

Láoyè sáré dé ibẹ̀, ó já igi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ìwọ ni olè tó ń jẹ oko bàbá wa?"

Obìnrin náà kò dìde. Ó kàn wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ni olè? Ọmọ yìí, ebè àlejò ni mò ń wà. Láti ìgbà tí mo ti ń ru ìkòkò gba ọ̀nà yìí ni bàbá tó ni oko ti fi hàn mí. Ẹ lọ bi í. Àní, níbo ni ó wà? Ó máa ń kí mi láti abẹ́ igi emi yẹn."

Àyọ̀ká ni ó sún mọ́ ọn.

"Wọ́n ti sùn, ìyá. Ìgbà òjò ni."

Oníkòkò ká ọwọ́ kúrò lórí iṣu. Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó sì kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí ó mọ̀. Ó ní òun bi Adígún nígbà kan pé kí ló dé tí ebè kan fi yà kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Adígún ní àwọn tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ òun. Ó ní iyekíye tí wọn ìbáà jẹ́, láti ẹyọ kan títí dé mẹ́wàá, ọ̀nàkọ́nà tí wọn ìbáà sì fi pín in, yóò kárí wọn dọ́gba. Òun ti fi èkùrọ́ wá iye náà rí. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan yìí kò sí nínú ìṣirò.

"Ó ní àbúrò òun kan bínú lọ nítorí pé wọ́n pín nǹkan tán, kò kan án," ni oníkòkò wí. "Ó ní bí onítọ̀hún bá ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kan, òun kò fẹ́ kí ó tún bá a pé wọ́n ti pín in tán. Àmọ́ títí tí ó fi máa dé, ẹni tí ebi bá ń pa lọ́nà ni kí ó wà á."

Ọ̀jẹ́dìran rọra jókòó sórí ebè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà wà nínú àwọn mẹ́fà ọjọ́sí. Àyọ̀ká ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ketekete, tí ó ń sọ fún wọn pé, "Ó ku ẹyọ kan. Ẹ máa lọ."

Láoyè ṣì di igi ìwalẹ̀ mú. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ bí ó ṣe dé ọwọ́ òun, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún oníkòkò. Obìnrin náà gbà á, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó fa iṣu yọ. Ó nípọn bí itan ọmọ ọwọ́. Ó wá wo ojú àwọn ọmọ méje náà, ó rí bí ètè wọn ṣe gbẹ.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó ní ẹni tó bá débẹ̀ ló ni ín. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ débẹ̀ yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àlejò ni ó gba àwọn ọmọ olóko lálejò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Wọ́n dá iná lábẹ́ igi emi, wọ́n sun iṣu náà, oníkòkò sì yọ àwo amọ̀ tuntun kan nínú ọjà rẹ̀ pé kí wọ́n fi jẹ ẹ́. Láoyè, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí ọkùnrin, ni ó mú ọ̀bẹ. Ó gé e láìkà á. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ẹnikẹ́ni kò sì wo ti ẹnìkejì. Ó ṣa èyí tí iná mú létí, irú èyí tí Àyọ̀ká fẹ́ràn láti kékeré, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà."

Àyọ̀ká gbà á. Ó gbóná, ó ń sọ ọ́ láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n parí kíkà, iye àná náà ni. Àjàgbé yọ èkùrọ́ kan kúrò nínú agbọ̀n, ó gbé e sí ẹsẹ̀ oníkòkò. Wọ́n pín ìyókù sí mẹ́ta, ó gún régé. Sí méje, ó gún régé. Wọ́n fi opó kún un, wọ́n fi Ọ̀jẹ́dìran kún un, wọ́n fi ajá kún un, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀jẹ́dìran rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò dá ẹnikẹ́ni láre," ni ó wí. "Gbogbo yín lẹ jàre."

Àyọ̀ká ní ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀nà ìpín ni bàbá ti là sílẹ̀ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdí tí yóò fi gba ọ̀nà odò. Bí ó ti sọ ọ́, kò wo ojú Láoyè, ṣùgbọ́n Láoyè mọ̀ pé ó ti rí ẹrù tó wà lẹ́nu yàrá òun.

Láoyè ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in. Àjàgbé ní rárá o, òun ti rò ó, ìdí-igi ló tọ́ sí ẹ̀gbọ́n òun. Láoyè ní òun ti sọ tòun. Àjàgbé ní òun náà ti sọ tòun. Ohùn wọn tún ń lọ sókè.

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí irú yín mọ́," ni Ọ̀jẹ́dìran wí. "Lánàá ẹ jà kí ẹ lè gbà á, lónìí ẹ ń jà kí ẹ lè fi í sílẹ̀. Láoyè ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Tirẹ̀ la ó ṣe."

Wọ́n fi orí-ò-jorí pín in. Nínú ìpín tirẹ̀, Láoyè wa iṣu méjì fún oníkòkò, nítorí pé wọ́n ti bá a jẹ tirẹ̀. Kò rí ohun tí yóò fi dì í mọ́ ẹrù ìkòkò. Ó wọlé lọ, nígbà tí ó sì jáde, okùn ẹrù rẹ̀ ni ó mú lọ́wọ́. Àyọ̀ká rí okùn náà, ó yíjú sí apá ibòmíràn, ó ní èéfín ni ó wọ òun lójú.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ìbejì lọ ń gbé nílùú ńlá, Àjàgbé sì dá abà tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àkókò ebè bá ti tó, gbogbo wọn á padà wá sí Ìdí-Emi nítorí ebè kan ṣoṣo létí ọ̀nà. Ẹni méje, ọkọ́ kan, ebè kan. Wọ́n á máa ti ara wọn, wọ́n á máa bú ara wọn pé ìwọ kò mọ ebè kọ, títí yóò fi dúró. Àbúrò Adígún tó bínú lọ kò dé. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó dé, nígbà tí Àyọ̀ká ti di arúgbó, wọ́n sì bá ẹyọ kan nílẹ̀.

Ọjọ́ Jàkúta tó tẹ̀ lé ọjà Ìdí-Emi, nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ lọ́dún tí Adígún kú, ni ọ̀rọ̀ ìpín náà parí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń pín nǹkan lágbo ilé Onígba, àgbà tó bá wà níbẹ̀ á kọ́kọ́ mú ẹyọ kan sápá kan, á sì rán wọn létí pé: àpíntán ní í tú ẹbí ká, àpínkù ní í kó wọn jọ.